Gíà Kejì

Ìyá Gíà ti ọwọ́ bọ abẹ́ tapólì, ó sì yára fà á jáde. Ẹ́ńjìnnì náà gbóná.

Kì í ṣe gbígbóná oòrùn o. Oòrùn wo? Kùrukùru bo gbogbo ọgbà mẹkáníìkì náà débi pé ògiri tó wà ní òdì kejì ò hàn dáadáa, ìrì sì ń kán láti etí páànù. Gbogbo irin tó wà níbẹ̀ ló tutù nini, àfi ẹyọ kan yìí, èyí tí wọ́n ti tú kúrò lára ọkọ̀ láti oṣù tó kọjá, tí wọ́n gbé ka orí àwọn táyà àlòkù, tí kò lómi, tí kò lépo, tí okùn iná kankan ò sì so mọ́ ọn. Ó tún fọwọ́ kàn án, ó fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ lé e. Báyìí gan-an ló ṣe máa ń gbóná bí ọkọ rẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè dé.

"Ọwọ́ẹ̀rọ̀," ló pe mẹkáníìkì tó wà lábẹ́ píkọ́ọ̀pù. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ni. Ìyàwó kì í ṣáà pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Ọwọ́ẹ̀rọ̀ láti ìgbà tó ti wọlé wọn, nítorí pé ọkùnrin náà lè tú bóòtù tó ti dípẹtà kó má já sí i lọ́wọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá fọwọ́ kan nǹkan yìí."

Mẹkáníìkì rá jáde lábẹ́ ọkọ̀. Ó wo tapólì, ó wo ojú ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í nu ọwọ́ tí kò dọ̀tí.

"Mo ti fọwọ́ kàn án rí," ló wí. "Mi ò ní fọwọ́ kàn án mọ́."

"Ó gbóná."

"Ìyàwó wa, ilẹ̀ ti mọ́. Ẹ jẹ́ ká gbájú mọ́ nǹkan tó kó wa jọ."

Nǹkan tó kó wọn jọ nìyí. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún ni ọkọ Ìyá Gíà kú, lórí òkè, nínú píkọ́ọ̀pù yìí kan náà, lọ́jọ́ tí òun nìkan lọ. Ó gbé òkúta pẹlẹbẹ láti ibi tí wọ́n ti ń gé e, ó gòkè tán, ó páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kó lè sinmi díẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ẹ́ńjìnnì ò dáwọ́ tirẹ̀ dúró. Ó ń dún lọ, ó ń dún lọ, títí epo fi gbẹ nínú táǹkì. Ìgbà tí ohùn yẹn dákẹ́ làwọn èèyàn tó wà nítòsí tó mọ̀ pé nǹkan ti ṣe. Wọ́n ní wọ́n bá ọwọ́ rẹ̀ lórí gíà.

Ìyàwó rẹ̀ ò ta ọkọ̀ náà. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀ lójú ọ̀nà yẹn, ó ń gba ọwọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ bó bá rẹ̀ ẹ́, àwọn awakọ̀ ló sì sọ ọ́ ní Ìyá Gíà, nítorí pé ó lè dijú kó sọ gíà tí ọkọ̀ tó ń kọjá lójú títì wà. Nígbà tí wọ́n sin ọkọ rẹ̀ tán, ó bọ́ sídìí ọwọ́ ọkọ̀, ó ń báṣẹ́ lọ. Kò pẹ́ ni orí ẹ́ńjìnnì náà sán, omi ń wọnú epo, epo ń funfun bí ìfófòó ọṣẹ. Ọwọ́ẹ̀rọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò títí, ó ní tí ó bá jẹ́ tòun ni, kí wọ́n tú u sọnù, kí wọ́n sì gbé ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kékeré kan tó wà lọ́wọ́ òun sí i.

Yéè! Àwọn awakọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín pa ara wọn. Ọ̀kan ní ṣé ẹ̀rọ ìlọta ni wọ́n fẹ́ kì sínú píkọ́ọ̀pù. Òmíràn ní ara akọ màlúù rèé, ọkàn adìyẹ ni wọ́n fẹ́ fi sí i. Ẹ̀kẹta bẹ Ìyá Gíà pé bó bá dé ẹsẹ̀ òkè kó pe òun, kí òun wá bá a tì í. Mẹkáníìkì ò bínú. "Kékeré l'abẹ́rẹ́," ló wí, "kì í ṣe mímì fún adìyẹ." Ó ṣàlàyé pé kékeré náà ò ní mu ju ìdajì epo tí èyí ńlá ń mu lọ, pé ó fúyẹ́, orí ọkọ̀ ò ní wúwo lọ́wọ́ ẹni tó ń yí i. Ó fi tọ́bò hàn wọ́n, irin róbótó tó ká bí ìkarawun ìgbín, ó ní èyí ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí i nínú, atẹ́gùn yẹn ló sì ń sọ ọmọdé di géńdé. Ọgbọ́n ni gbogbo ohun tó sọ, kò sí irọ́ níbẹ̀.

Ìyá Gíà gbọ́ gbogbo rẹ̀. Àdéhùn kan ṣoṣo ló bá a ṣe. Kí wọ́n gbé kékeré náà sí i. Òun á fi gbé ẹrù òkúta kan gun òkè, òun á sì sọ̀ ọ́ dé ìsàlẹ̀ lódìkejì. Bó bá ṣe é, kí ọkùnrin tó ń ra irin àlòkù wá gbé èyí ńlá lọ. Bí kò bá ṣe é, ohun yòówù kó ná wọn, Ọwọ́ẹ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ tún èyí ńlá ṣe, kó sì dá a padà sáyè rẹ̀. Òní ni wọ́n dá. Onírin náà sì ti ń bọ̀ lọ́nà pẹ̀lú ọkọ̀ tirẹ̀.

Kí n má tàn yín jẹ o: obìnrin yìí fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì kékeré náà kùnà. Ó fẹ́ ẹ tọkàntọkàn. Wọ́n ti pín aṣọ ọkọ rẹ̀, bàtà rẹ̀ ti bá ẹlẹ́sẹ̀ rẹ̀ lọ, ibùsùn ti tutù. Ohùn yẹn nìkan ló kù lára rẹ̀ tí wọn ò tíì bò mọ́lẹ̀. Fún gbogbo oṣù tó fi wa ọkọ̀ náà lẹ́yìn ikú rẹ̀, ohùn yẹn ló ń gbọ́ látàárọ̀ dalẹ́, ohùn ńlá tó ń ti ilẹ̀ ọkọ̀ wọ àtẹ́lẹsẹ̀ èèyàn, ó sì jọ ọ́ lójú pé ẹnì kan ṣì jókòó tì í. Látìgbà tí wọ́n ti tú u, kò sùn dáadáa mọ́.

Ó wọnú ọkọ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́. Kékeré náà jí lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń dún tẹ̀rẹ̀tẹ̀rẹ̀ bí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ìyá Gíà yínmú.

Ọwọ́ẹ̀rọ̀ sún mọ́ fèrèsé. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹlòmíràn nínú ọgbà.

"Bí ẹ bá ti ń lọ," ló wí, "tirẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbọ́ o. Èyí tó wà lábẹ́ yín. Ẹ má gbọ́ òmíràn."

"Òmíràn wo?"

Ọwọ́ẹ̀rọ̀ gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì pẹ́pẹ́, ó padà síbi iṣẹ́ rẹ̀, ó sì gba ọ̀nà jíjìn yí ibi tí tapólì wà ká.

Níbi tí wọ́n ti ń gé òkúta, wọ́n di ẹrù fún un títí ìdí ọkọ̀ fi wọlẹ̀. Àwọn ọkùnrin náà ń ṣẹ̀fẹ̀, ọ̀kan ní kí àwọn rọra dì í o, kí ọmọ kékeré má lọ yarọ. Ìyá Gíà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Ó yẹ okùn wò, ó yẹ táyà wò, ó sì kọjú sí òkè.

Ó gbé gíà kìn-ín-ní, ó gbé kejì, ó tẹná mọ́ ọn. Ó retí kó kọ̀. Kò kọ̀. Ó kọ́kọ́ mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun, lẹ́yìn náà tọ́bò gba atẹ́gùn, ó súfèé fíìì, ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè pẹ̀lú gbogbo òkúta yẹn lẹ́yìn rẹ̀. Ó gun àkọ́gùn, ó yà, ó gun ibi tó ga jù ú lọ. Kò gbóná, kò rú èéfín, kò ṣe bí ẹni tí nǹkan ń ni lára. Ìyá Gíà rí i pé kò sí ẹ̀sùn tí òun lè fi kàn án, inú rẹ̀ sì bàjẹ́.

Ibi tí kùrukùru ti ki ló ti kọ́kọ́ kíyè sí ajá. Ajá tó máa ń sùn sáàárín ọ̀nà ni, tí kì í dìde fún ọkọ̀ àyàfi bí táyà bá fẹ́ tẹ ìrù rẹ̀. Lónìí, ó ti dìde kí Ìyá Gíà tó yọ. Ó ti bọ́ sẹ́bàá ọ̀nà, ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí i, ó ń wo òkè, ìyẹn apá ibi tí nǹkan kan ti kọjá lọ. Díẹ̀ síwájú, àwọn obìnrin tó ń gbálẹ̀ ojú títì ti sún mọ́ ògiri, wọ́n di ìgbálẹ̀ wọn mú sáyà bí wọ́n ṣe máa ń ṣe bí ọkọ̀ ńlá bá ń bọ̀. Bí píkọ́ọ̀pù rẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n wò ó, wọ́n wo ara wọn. Wọn ò kí i.

Ó sọ gíláàsì fèrèsé kalẹ̀. Òtútù wọlé, òórùn dísẹ́ẹ̀lì sì wọlé tẹ̀ lé e, òórùn èéfín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ọkọ̀ tirẹ̀ ò rú èéfín. Kò sì sí ọkọ̀ kankan níwájú rẹ̀.

Ní orí òkè pátápátá ni ẹnubodè wà, ọ̀pá irin gígùn kan tí wọ́n fi dí ọ̀nà, kí wọ́n lè mọ ọkọ̀ òkúta tó bá ń kọjá. Baba Oníbodè ló ń ṣọ́ ọ. Ojú bàbá náà ti bàìbàì tipẹ́, àmọ́ etí rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ojú àti ti etí: láti ẹsẹ̀ òkè ló ti ń mọ ọkọ̀ tó ń bọ̀, tí á sì ti gbé ọ̀pá sókè dè é. Nígbà tí Ìyá Gíà dé, ọ̀pá ti wà lókè.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Baba," ló wí. "Ẹ mà ti ṣí i dè mí."

Bàbá yí etí sí i. "Ta nìyẹn? Ta ló wà nínú nǹkan tó ń dún kíríkírí yìí?"

"Èmi ni, Baba. Ìyá Gíà ni."

"Ìyá Gíà ti kọjá."

"Báwo, Baba?"

"Mo ní o ti kọjá. Nísinsìnyí yìí." Ohùn bàbá le díẹ̀, bí ti ẹni tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ẹlẹ́yà. "Àbí n kò mọ ọkọ̀ yín ni? Mo gbọ́ ọ láti ìsàlẹ̀, mo gbé ọ̀pá, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ gbé ẹ̀wù mi. Mo kí ọ, o ò dáhùn. Mo ní bóyá inú ló ń bí ọ."

Ìyá Gíà yọ orí jáde lójú fèrèsé.

"Baba, wọ́n ti tú ẹ́ńjìnnì yẹn. Ó wà nílẹ̀ lọ́gbà mẹkáníìkì. Mo fọwọ́ kàn án láàárọ̀ yìí."

Bàbá fi ọwọ́ wá ọ̀pá irin náà, ó dì í mú gírígírí.

"Apá ibo ló gbà?" Ìyá Gíà béèrè.

Àgbà náà fi àgbọ̀n tọ́ka sí ibi tí ọ̀nà ti ń sọ̀ kalẹ̀. "Ọmọ mi," ló wí, "bó o bá lè dúró kí ìkúùkù yìí ká kó o tó lọ, dúró."

Ẹni tó bá gbọ́n á dúró. Àmọ́ ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Jìnnìjìnnì bò ó látorí délẹ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n lábẹ́ jìnnìjìnnì yẹn, kí Ọlọ́run dárí jì í, inú rẹ̀ ń dùn. Ó kí bàbá, ó wakọ̀ kọjá lábẹ́ ọ̀pá, kò sì wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà níbi tí ọkọ rẹ̀ páàkì sí lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún.

Ọ̀nà náà tẹ orí kodò. Kò rìn jìnnà tó fi gbọ́ ọ.

Iwájú ló wà, nínú funfun yẹn, kò jìnnà, kò sì sún mọ́. Ohùn ńlá náà ni. Kò sí bó ṣe lè ṣì í mọ̀: bó ṣe máa ń hó díẹ̀ kó tó gba gíà, bó ṣe máa ń wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan lórí àkọ́sọ̀. Kò sọ̀rọ̀. Ẹ́ńjìnnì kì í sọ̀rọ̀. Ó kàn ń lọ níwájú ni, kò sì yára kọjá bí ó ṣe lè máa gbọ́ ọ.

"Mo ń bọ̀," Ìyá Gíà wí. Kò mọ̀ pé òun sọ ọ́ síta.

Ó yẹ kẹ́ ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè náà. Àwọn awakọ̀ òkúta kì í tẹ bíréèkì níbẹ̀. Ẹni tó bá ń tẹ bíréèkì látòkè, bíréèkì á gbóná, á bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, nígbà tó bá sì di pé wọ́n nílò rẹ̀ gan-an, á ní òun ò ṣe mọ́. Ẹ̀mí ò sì ní sípíà. Ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń jẹ́ kó di ọkọ̀ mú. Wọ́n á gbé e sí gíà kẹta, wọ́n á gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, ẹ́ńjìnnì á sì máa fa ọkọ̀ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ bí àgbàlagbà tó di ọmọ lẹ́wù mú. Etí ni wọ́n fi ń ṣe é. Bí ohùn bá ti rí báyìí, ó ti dì í mú nìyẹn, kí awakọ̀ fọkàn balẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ ṣe kọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ ọkọ rẹ̀.

Níwájú, ohùn náà wọ gíà kẹta. Ìyá Gíà gbọ́ ọ. Ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ lé e láìbi í léèrè, ó gbé gíà kẹta, ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná. Ohùn ńlá náà rọlẹ̀, ó jinlẹ̀, ó ní húnùn, bó ṣe máa ń rí bó bá ti di ẹrù mú. Ọkàn Ìyá Gíà balẹ̀.

Ọkọ̀ ń yára.

Kò kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Etí rẹ̀ ń sọ fún un pé ó ti dì í mú. Ojú rẹ̀ ń rí òkúta ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tó ń kọjá, àkọ́kọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà wọn ò ṣeé dá mọ̀ mọ́. Ọwọ́ ọkọ̀ ń gbọ̀n. Ẹrù tó wà lẹ́yìn ń tì í. Ẹ́ńjìnnì kékeré náà ò lágbára ọwọ́ tí wọ́n fi ń di irú ẹrù bẹ́ẹ̀ mú nínú gíà kẹta, ohun tó sì lè gbé gòkè, kò lè dá a dúró ní sísọ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè èyí nígbà tí wọ́n ń jiyàn. Gígùn ni gbogbo wọn ń sọ.

Ó tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ dín eré kù díẹ̀, ó tún gbà á padà. Ó tún tẹ̀ ẹ́, òórùn jíjóná wọ imú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wọlẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Iwájú, ohùn yẹn ń lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń dún húnùn, ó ń sọ pé kò séwu, kò séwu.

Ìkùnà tó ti ń tọrọ láti àárọ̀ ló dé yìí o. Wọ́n fún un. Kò ní ṣe nǹkan kan, kó ṣáà fi gíà sílẹ̀ bó ṣe wà, kó máa tẹ̀ lé ohùn náà lọ, kò sì ní pẹ́ tó fi máa lé e bá. Ó mọ èyí bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀. Omijé ti bò ó lójú. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: ó rí àwọn òkúta tí wọ́n kùn ní ẹfun funfun síwájú, níbi tí ọ̀nà ti ṣẹ́ lójijì, tí kò sí nǹkan lẹ́yìn wọn bí kò ṣe òfìfo.

Ìgbà yẹn ló wá gbọ́ èkejì. Abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ohùn náà wà, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń ké bí ọmọ tí wọ́n ń wọ́ nílẹ̀. Kò tíì jáwọ́. Gbogbo agbára tó ní ló fi ń fà sẹ́yìn.

"Háà," Ìyá Gíà wí, "ọmọ ọlọ́mọ! Kí ni mò ń fi ọ́ ṣe?"

Ó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ pátápátá, èéfín yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Ó tẹ kọ́lọ́ọ̀ṣì, ó yọ gíà jáde. Háà, ọkọ̀ tí kò sí nínú gíà, lórí òkè yẹn! Ohùn iwájú ní kó dúró, kò tíì tó àsìkò. Èyí tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní àsìkò ti tó. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó tẹná, kékeré náà figbe ta, ó sì kì í sí gíà kejì. Irin ha irin, ọ̀pá gíà náà tì í lọ́wọ́ padà, ó fi èjìká tì í, ó wọlé.

Ọkọ̀ gbọ̀n rìrì. Òkúta lẹ́yìn pariwo, ìdí ọkọ̀ fì sápá kan, orí Ìyá Gíà fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gíláàsì. Kékeré náà sì dì í mú. Ó ń ké, ó ń ké, kò jẹ́ kó lọ. Píkọ́ọ̀pù náà ya kọ́nà yẹn pẹ̀lú táyà kan lórí iyanrìn etí ọ̀nà.

Ohùn ńlá náà ò yà. Ọ̀nà ṣẹ́, òun ò ṣẹ́. Ìyá Gíà gbọ́ bó ṣe kọjá láàárín àwọn òkúta funfun yẹn, tó ń lọ tààrà sínú kùrukùru níbi tí kò sí ilẹ̀, ó ń jìnnà, ó ń jìnnà. Ó retí ariwo bíbalẹ̀ rẹ̀. Kò sí. Ó kàn di pé kò gbọ́ ọ mọ́.

Gíà kejì ló fi sọ̀ délẹ̀.

Ní àgbàlá tí wọ́n ti ń já òkúta, kùrukùru ti ká, oòrùn ti mú. Ó páàkì, ṣùgbọ́n kò tètè lè ṣí ilẹ̀kùn. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń já ẹrù wá bá a ṣí i. Ọkùnrin náà yọjú wo àga kejì, ó wo ẹ̀yìn àga.

"Ìyá, ẹ kú ewu ọ̀nà o. Ta lẹ wá ń bá sọ̀rọ̀ tó báyìí? Láti ẹsẹ̀ òkè la ti ń gbọ́ ohùn yín. Ẹ ò sinmi."

"Èmi?"

"Ẹ̀yin kẹ̀! Ẹ ń sọ̀rọ̀ páànù tó ń jò, ẹ ń sọ ti ewúrẹ́ tó jẹ ìwé-ìrìnnà ẹnì kan. Ẹ tún ń rẹ́rìn-ín."

Ó fọwọ́ kan ọ̀fun rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti há. Ó wá rántí pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹnu òun ò dúró láti kọ́nà yẹn, pé òun ń rojọ́ fún àga òfìfo bí ẹni tí wọ́n sanwó ọ̀rọ̀ fún, nítorí pé bí òun bá dákẹ́, òun á gbọ́ bí àyà òun ṣe ń lù.

Ọkọ rẹ̀ náà máa ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ nílé, tí wọ́n á bi léèrè ọ̀rọ̀ láàárọ̀ tí á dáhùn lálẹ́! Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà bá ti tẹ orí kodò, ẹnu rẹ̀ á là: ìtàn àbúrò bàbá rẹ̀ tó gun kẹ̀kẹ́ wọ odò, ìtàn ọ̀gá tó wọ bàtà ọ̀tún sí ẹsẹ̀ òsì, ìtàn ewúrẹ́. Á máa sọ ọ́, Ìyá Gíà á máa rẹ́rìn-ín, títí wọ́n á fi dé pẹ̀tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá ti délẹ̀, á dákẹ́ wáí, á fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì nu ṣòkòtò. Obìnrin náà rò pé dídùn inú ni. Ó rò pé nítorí pé wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé ni, ó tilẹ̀ máa ń retí òkè yẹn, nítorí pé ibẹ̀ ni ọkọ òun ti ń dára pọ̀ mọ́ òun.

Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ara aṣọ ló wà, ó ń nu òógùn.

Ojoojúmọ́. Kò sọ fún un rí.

Fóònù rẹ̀ dún. Ọwọ́ẹ̀rọ̀ ni.

"Ìyàwó wa! Ẹ ti sọ̀? Ṣé ó dì í mú?"

"Gíà kejì ló ń fẹ́," ló dáhùn. "Kó jẹ́ kejì látòkè délẹ̀. Bí wọ́n bá fi sí ẹ̀kẹta, ó máa pa èèyàn. Ẹ sọ fún ẹnikẹ́ni tẹ́ ẹ bá tún gbé irú ẹ̀ sí lọ́kọ̀."

Mẹkáníìkì mí kanlẹ̀. "Onírin ti dé o," ó wí níkẹyìn. "Ó ti fi ẹ̀wọ̀n so ó. Ẹ̀yin lẹ lọ̀rọ̀. Bẹ́ ẹ bá ní kí n dá a dúró, màá dá a dúró. Màá tún un ṣe fún yín, bó ti wù kó pẹ́ tó."

Àwọn tó ń já ẹrù ń sọ òkúta kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìdí píkọ́ọ̀pù ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Ìyá Gíà dúró títí wọ́n fi gbé èyí tó kẹ́yìn.

"Ẹ jẹ́ kó máa gbé e lọ," ló wí.

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Ẹ jẹ́ kó sinmi. Ẹ̀rù ti bà á tó."

"Ta ni?" Ọwọ́ẹ̀rọ̀ béèrè. "Ìyàwó wa, ta ni ẹ̀rù bà?"

Ìyá Gíà ní kó bá òun ránṣẹ́ sáwọn tó ń gé òkúta pé òun ń bọ̀ wá kó ẹrù kejì, ó sì yí kọ́kọ́rọ́.